Ìrìn ìtàn ìrọ̀lẹ́ ní Reykjavik, olú ìlú Íslándì (Iceland): wọ́n fo ikú bàbá Skadi

Nítorí Skadi, òrìṣà obìnrin ti ìgbà òtútù àti ọdẹ nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù, ni mo ṣe sanwó ìrìn yìí. Atọ́nà wa sọ pé ẹsẹ̀ àwọn òrìṣà ọkùnrin nìkan ni Skadi wò tó fi yan ọkọ, gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ. Inú bí mi gidigidi. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ ló wò, ṣùgbọ́n àwọn òrìṣà Asgard, ìlú àwọn òrìṣà, ló pa Thjazi, bàbá rẹ̀, tí òun fi dé àṣíborí, tó wọ ẹ̀wù irin, tó sì kó ohun ìjà lọ gbẹ̀san. Ohun ìpẹ̀tù fún ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ọkọ náà, ohun ìpẹ̀tù sì ni bí ó ṣe ní dandan ni kí wọ́n pa òun lẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Ní ọ́fíìsì wọn, mo sọ èyí fún ọ̀dọ́bìnrin tó wà nídìí káńtà. Ó ní ìtàn ìgbádùn lásán ni, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fẹ́ dá díẹ̀ padà fún mi nínú owó mi. Mo kọ̀ ọ́, torí kì í ṣe owó ni mo bá wá. Atọ́nà náà, tó ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbọ́ wa. Ó bi mí níbi tí mo ti mọ ìtàn náà. Mo ní nínú ìwé Snorri Sturluson, òǹkọ̀wé ará Íslándì, tó kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1220. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, ó ní kí a lọ sí etí òkun.

Oṣù kẹfà ni, ìgbà tí ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀. Fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú ni ó fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí Skadi ṣe rò pé Baldr, òrìṣà arẹwà, ló ni ẹsẹ̀ tó rẹwà jù, àṣé Njord, òrìṣà òkun, ni, bí Loki, òrìṣà ẹlẹ́tàn, ṣe so okùn mọ́ irùngbọ̀n ewúrẹ́, tó so orí kejì mọ́ abẹ́ ara rẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń fà á, tí wọ́n ń ké, títí Skadi fi rẹ́rìn-ín, bí Odin, olórí àwọn òrìṣà, ṣe ju ojú Thjazi méjèèjì sí ọ̀run, tí wọ́n di ìràwọ̀. Ó dé ibi tí Njord ti kórìíra igbe ìkookò lórí òkè, tí Skadi náà kò rí oorun sùn létí òkun nítorí ariwo ẹyẹ, ó ka ewì wọn ní èdè Íslándì àtijọ́, ẹyẹ òkun gan-an sì ń ké lórí wa. Omi bọ́ lójú mi. Skadi padà sí òkè bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọrun àti pákó gígùn tó fi ń yọ̀ lórí yìnyín.

Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó mọ ìtàn sọ tó ọkùnrin yẹn rí. Máàkì 2 nínú 5 ni mo fún wọn, torí èèyàn 12 tí a jọ sanwó ti lọ sùn kí ó tó sọ ọ́.