Àpótí Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ Àti Èso Ìgbà Ìwọ́wé: Ẹran Rẹ̀ Dára, Ìwé Ìlànà Rẹ̀ Ló Kù Díẹ̀ Káàtó

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra àpótí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n kó èso àti ẹ̀fọ́ ìgbà ìwọ́wé sí pọ̀, ní oṣù Kẹwàá àti ní oṣù Kọkànlá, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé oúnjẹ tútù wá sí ẹnu ọ̀nà ẹni níhìn-ín ní ìlú Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ẹjọ́ wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, bí oríyìn náà tilẹ̀ wà níbẹ̀. Pọ́n-ùn 42 ni àpótí kan. Ẹni tó bá ń rò ó pé kí òun rà á yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ tó owó tí wọ́n ń gbà, yóò sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí kò sun odidi ẹran rí lè gbára lé ìwé ìlànà tí wọ́n fi sí i. Ó tó owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbára lé ìwé ìlànà yẹn.

Nínú àpótí àkọ́kọ́, mo bá ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ tó wọn kílò 1.8, tí wọ́n fi okùn dì rùgùdù, tòun ti awọ rẹ̀ àti ọ̀rá tó nípọn tó ìka kan lábẹ́ awọ náà. Ápù Bramley méjì ló wà níbẹ̀, ápù Cox mẹ́ta, àti èso pear mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Conference, tí awọ rẹ̀ ní àbàwọ́n bí ìpẹtà. Pear yìí kì í ṣe píà tí à ń fi jẹ búrẹ́dì nílé o. Èyí ní omi dídùn nínú, ó sì le díẹ̀ lẹ́nu. Ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀fọ́, gbòǹgbò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: kárọ́ọ̀tì, parsnip tó dà bíi kárọ́ọ̀tì funfun, àlùbọ́sà pupa méjì, ìdajì elégédé kékeré kan, àti ìdì ewé sage kan tó ń ta sánsán. Yìnyín inú àpò tí wọ́n fi ti ẹran náà kò tíì yọ́ tán nígbà tó dé. Pear kan ti dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì dá pọ́n-ùn méjì padà fún mi lọ́jọ́ kejì láìjiyàn.

Páálí kékeré aláwòrán mèremère ni ìwé ìlànà náà. Ó ní kí a gé gbogbo èso àti gbòǹgbò náà sínú abọ́ ìsunran kan ṣoṣo, kí a gbé ẹran lé wọn lórí, kí a da cider, ìyẹn ọtí tí a fi ápù ṣe, ife kan ààbọ̀ sí i, kí a fi bébà fóìlì bò ó fún wákàtí kìíní, kí a sì sun ún ní 190°C fún ìṣẹ́jú 30 lórí giramu 500 kọ̀ọ̀kan, kí a tún wá fi ìṣẹ́jú 30 lé e. Mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 138. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe wí, nítorí pé Màmá ọkọ mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, n kò sì fẹ́ fi àlejò dán ọgbọ́n orí mi wò.

Nígbà tí mo ṣí ààrò, awọ ẹran náà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bíi pọ̀ǹmọ́ inú ọbẹ̀. Ápù àti pear ti di ẹ̀kọ lábẹ́ ẹran, kárọ́ọ̀tì sì le síbẹ̀. Mo ti irin ṣóńṣó òṣùwọ̀n ìgbóná bọ àárín ẹran náà, ó fi 87°C hàn, ìgbà yẹn gan-an ni mo sì mọ̀ pé ó ti bọ́. Màmá jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n mu omi lé e, wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, lẹ́yìn oúnjẹ la fi ń fi èso panu. Ta ló ní kí o bá ẹran sè é?" Mo ní, "Màmá, ẹ máà bínú, ìwé ló wí bẹ́ẹ̀."

Mo wá jókòó ti páálí náà, mo ń wo ibi tó ti ṣì mí lọ́nà. Ti awọ ni kò ṣòro mọ̀: awọ kò lè gbẹ níbi tí oru omi bá ti ń gbá a, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kí a bu ọtí sábẹ́ rẹ̀ kí a sì tún dé e mọ́lẹ̀. Sísè la se ẹran yẹn, a kò sun ún. Ti ìgbóná tún wà níbẹ̀. Páálí náà kò sọ bóyá ààrò tó ní fáànù nínú ni 190°C náà wà fún tàbí èyí tí kò ní, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tó 20°C; fáànù ni tèmi ní. Food Standards Agency, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ níhìn-ín, ní bí àárín ẹran bá ti gbóná dé 70°C fún ìṣẹ́jú méjì, ó ti tó. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2011 ni wọ́n ti fọwọ́ sí 63°C fún odidi ẹran ẹlẹ́dẹ̀, bí a bá jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹran ẹ̀yìn kò ní ọ̀rá nínú, nítorí náà gbogbo ìgbóná tí mo fi kún un lẹ́yìn 70 yẹn, omi ara ẹran ló ń fà jáde. Ká ní wọ́n kọ ìlà kan péré nípa òṣùwọ̀n ìgbóná sórí páálí náà ni, oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi mi ì bá má bàjẹ́.

Ti èso ló dùn mí jù, nítorí pé Bramley àti Cox kì í ṣe ọ̀kan náà. Bramley kan gan-gan, bó bá sì ti rí iná, yóò tú ká; Cox dùn, ó sì lè dúró nínú iná fún ìgbà díẹ̀. Southwell, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ni Bramley ti wá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ann Brailsford ló gbin kóró rẹ̀ sẹ́yìn ilé wọn ní 1809. Alápatà kan, Matthew Bramley, wá ra ilé náà ní 1846, nígbà tí ọlọ́gbìn kan sì wá bẹ̀ ẹ́ ní 1856 pé kí òun gé nínú ẹ̀ka igi náà lọ gbìn, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n orúkọ òun ni kí wọ́n máa pè é. Èso tó ń jẹ́ orúkọ alápatà, ó yẹ kí àwọn tó ń ta ẹran mọ ìlò rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, ẹran èjìká ni mo yàn, kílò 2.2. Ó yà mí lẹ́nu pé páálí kan náà ni wọ́n tún fi sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìṣírò ìṣẹ́jú kan náà, nígbà tó jẹ́ pé iṣan inú èjìká pọ̀, ó sì ń fẹ́ iná díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó rọ̀. Mo sọ páálí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ la awọ ẹran náà, ṣùgbọ́n àwọn ìlà náà jìnnà síra, nítorí náà mo fi abẹ tuntun la òmíràn sáàárín wọn, mo sì ṣọ́ra kí abẹ má wọ ẹran, nítorí pé ibi tí omi ẹran bá ti ń sun jáde kò ní gbẹ. Mo nù ún, mo fi iyọ̀ pa á, mo sì gbé e sínú fíríìjì láìbò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní àárọ̀, nígbà tí mo fi èékánná kàn án, ó dún bí awọ ìlù tí wọ́n sá sóòrùn. Ìsàlẹ̀ ẹran nìkan ni mo fi ata gígún àti aáyù ra, nítorí pé wọ́n máa ń jóná lórí awọ.

Mo gbé e sínú ààrò ní 220°C, tòun ti fáànù, fún ìṣẹ́jú 30. Awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò, ó ń ta pàrà-pàrà bí àgbàdo orí iná. Mo wá dín iná kù sí 150°C fún wákàtí mẹ́ta, láìbò ó. Nígbà tó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, mo bu ṣíbí ọ̀rá mẹ́ta nínú èyí tó ti yọ́ jáde, mo fi pa kárọ́ọ̀tì, parsnip, elégédé àti àlùbọ́sà lára nínú abọ́ mìíràn, mo sì ti abọ́ náà sábẹ́ ẹran. Nígbà tí ẹran jáde tó ń sinmi, mo gbé iná padà sí 200°C, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó Cox àti pear, tí mo là sí mẹ́rin-mẹ́rin, sáàárín gbòǹgbò. Ìṣẹ́jú 30 tí ẹran fi sinmi náà ni èso fi jiná: etí wọn pọ́n, inú wọn rọ̀, wọn kò sì fọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn ni mo fi ewé sage sí i. Bramley ní tirẹ̀, ìkòkò kékeré ni mo ti sè é pẹ̀lú ṣíbí omi méjì, kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti di ọbẹ̀ kíkan tó ń gé ọ̀rá ẹran lẹ́nu ẹni.

Ẹran yẹn ń tú fúnra rẹ̀, awọ rẹ̀ sì ń rún wómúwómú. Màmá, tí wọn ò tíì padà sílé nígbà náà, na àwo wọn sí mi: "Bù sí i fún mi, ibi tó ń dún yẹn." Àwa méje la jẹ ẹ́, ó sì ṣẹ́kù tí mo fi dín ata lọ́jọ́ kejì.

Ohun kan tún kù tí mo ní lòdì sí ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jẹ́ Mùsùlùmí, àbúrò mi sì ń lọ sí Sẹ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì kì í fẹnu kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí tó jẹ́ ti èso àti gbòǹgbò nìkan kò sí lọ́wọ́ wọn láti tà. Mo kọ̀wé sí wọn nípa èyí àti nípa páálí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn kò sì yí nǹkan kan padà títí di òní. Mo ti sanwó ti oṣù Kejìlá báyìí. Èjìká ni mo tún mú, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí Bramley pé mẹ́rin.