Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún: àwọn tí mo ti lò láti fi gbé ohùn jáde lójú ẹsẹ̀

Èmi ni mo máa ń bójú tó ohùn níbi eré orí ìtàgé, bí ilẹ̀kùn máa gbá o, bí fóònù máa dún o, bí òjò máa rọ̀ lẹ́yìn fèrèsé o, ọwọ́ mi ló ti ń wá. Lọ́jọ́ kan ọkọ inú eré bínú jáde, ó fa ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara ẹ̀, ilẹ̀kùn páálí ni, kò lè dún fúnra ẹ̀, èmi ni mo gbọ́dọ̀ bá a dún. Mo tẹ fóònù mi. Kẹ́kẹ́ pa. Ìyàwó ti yíjú sáwọn òǹwòran, ó ti la ẹnu láti sunkún, ìgbà yẹn ni "gbàgà!" ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú sípíkà, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti dákẹ́ rọ́rọ́. Ó dùn mí gan-an nítorí ọmọbìnrin yẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń dánra wò fún ẹkún yẹn.

Áàpù ọ̀fẹ́ kan àti sípíkà Bluetooth ni mo lò lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn mo ti lo oríṣiríṣi, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé Bluetooth ná. Kò sí sọ́fítíwià tó lè gbà yín tó bá jẹ́ òun lẹ so mọ́ kọ̀ǹpútà, torí wọ́n máa kọ́kọ́ fún ohùn pọ̀, á gba afẹ́fẹ́ kọjá, sípíkà á tú u, á tún to díẹ̀ jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbogbo ẹ̀ sì sábà máa ń lé ní 100 mílísẹ́kọ́ǹdù, ó tiẹ̀ lè kọjá 200. Tó bá jẹ́ orin lẹ̀ ń gbọ́ kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ṣùgbọ́n tójú bá ti rí ilẹ̀kùn tó pa dé tí ìró ẹ̀ wá ń bọ̀ lẹ́yìn, etí á mọ̀ pé irọ́ ni. Wáyà ni kẹ́ ẹ lò.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yẹ buffer wò, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń bù sílẹ̀ kó tó gbé e fún sípíkà. Tẹ́ ẹ bá fi sí ẹyọ ohùn 256, tí kọ̀ǹpútà ń ka ẹyọ 44,100 ní sẹ́kọ́ǹdù kan (44,100 Hz), bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 6 péré ni, 512 á jẹ́ bíi 12, ṣùgbọ́n tó bá wà ní 2048 ó ti lé ní 46 nìyẹn, ìka tó mọṣẹ́ á ti fura. Ẹ má kàn fà á wálẹ̀ pátápátá o, tí kọ̀ǹpútà yín ò bá lágbára tó, ohùn á máa já, á máa ta pàràpàrà.

Fáìlì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí mo padà délé mo ṣí ohùn ilẹ̀kùn yẹn nínú Audacity, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, mo fẹ̀ ẹ́ títí, ìlà kan ló tẹ́ gbọọrọ níbẹ̀rẹ̀, kò mì, kò gbọ̀n, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́kọ́ǹdù kó tó wá ta gìrì sókè. Òfìfo ni mo ń tẹ̀ látọjọ́ yìí! MP3, ìyẹn fáìlì ohùn tí wọ́n fún pọ̀, tún máa ń fi òfìfo tíńtín tiẹ̀ kún un níwájú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló fà á. Ní báyìí gbogbo ohùn tó bá wọlé sọ́dọ̀ mi, mo máa gé iwájú ẹ̀ dànù dé ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, màá sì fi WAV, fáìlì tí wọn ò fún pọ̀, tọ́jú ẹ̀. WAV tóbi lóòótọ́, ìṣẹ́jú kan sítíríò bíi ti CD máa ń tó MB 10, ṣùgbọ́n mélòó ni ìró ilẹ̀kùn.

Nínú àwọn sọ́fítíwià tí mo lò, Soundplant lọ́kàn mi fà sí jù, ó wà fún Windows àti Mac. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà yín náà ló máa sọ di bọ́tìnnì ohùn, ẹ kàn máa wọ́ fáìlì wá sórí lẹ́tà tẹ́ ẹ bá fẹ́ nínú àwòrán kíbọ́ọ̀dù tó yà sójú ẹ̀rọ, ó parí. Ohun tó mú kó yá ni pé ó ti máa ń kó ohùn sínú RAM, ibi ìrántí tó yára nínú kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, kì í ṣe pé ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tán kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ wá a. Ọgbọ́n yìí ti wà tipẹ́, láti ìparí àwọn ọdún 1950 làwọn iléeṣẹ́ rédíò ti ń lo kásẹ́ẹ̀tì téèpù tí wọ́n ń pè ní cart, ohùn kan nínú kásẹ́ẹ̀tì kan, tó bá sì ti dún tán á yí ara ẹ̀ padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀, á dúró, á máa retí ìka. Ohùn tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń tètè jáde. Ẹ ṣáà wá kíbọ́ọ̀dù tó dáa, àwọn kan wà tẹ́ ẹ bá tẹ lẹ́tà mẹ́ta pọ̀ ọ̀kan ò ní dún.

Tó bá jẹ́ eré tó ní ìwé, tẹ́ ẹ mọ èyí tó kàn, sọ́fítíwià QLab ò láfiwé, àmọ́ Mac nìkan ló ń bá ṣe. Ẹ to gbogbo ohùn tẹ̀ léra, bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ yẹn lẹ máa máa tẹ̀, ojú yín á wà lára òṣèré, kò sí lára kọ̀ǹpútà. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ẹ̀ tó fún sítíríò lásán. Farrago náà Mac ni, ó rẹwà, ó rọrùn, àwọn tó ń ṣe pódíkáàsì á gbádùn ẹ̀ ju èmi lọ.

Stream Deck, pátákó bọ́tìnnì tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú, bọ́tìnnì 15 tí àwòrán wà lórí wọn, mo fi àwòrán òjò sí ti òjò, fóònù sí ti fóònù, nínú òkùnkùn ẹ̀yìn ìtàgé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ó lè gbé ohùn jáde fúnra ẹ̀ nípasẹ̀ sọ́fítíwià tiẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í jẹ́ kó ṣe é, ńṣe ni mo máa ń jẹ́ kó bá mi tẹ lẹ́tà sí Soundplant, ó dá mi lójú jù bẹ́ẹ̀. Launchpad, pátákó bọ́tìnnì mìíràn, ní 64, ó pọ̀, ó ń tan iná, ṣùgbọ́n kò ní ohùn kankan nínú, láìsí kọ̀ǹpútà kò lè dún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pátápátá, Roland SPD-SX, ìlù oníná kan, ni o. Ojú mẹ́sàn-án ló ní, ẹ lè fi igi lù ú, inú ẹ̀ ni gbogbo ohùn wà, kò sí Windows tó máa sọ pé òun fẹ́ tún ara òun ṣe láàárín eré. Ó wọ́n, ó wúwo, tó bá sì jẹ́ pé ohùn yín pọ̀ rẹpẹtẹ, mẹ́sàn-án á há yín mọ́, ẹ ó máa pààrọ̀ láti abala kan sí òmíràn. Fún eré tí ohùn ẹ̀ kò pọ̀, òun ni mo máa gbé láì ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú, ẹ dán bó ṣe ń dákẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí òjò máa rọ̀, kẹ́ ẹ wá dá a dúró lójijì, ẹ wo iye ìgbà tẹ́ ẹ máa tẹ nǹkan àti bóyá ó máa já pàú létí. Nínú QLab, tẹ́ ẹ bá tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan gbogbo ohùn á rọra kú, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì á gé lójú ẹsẹ̀. Mo ti fi bébà pupa kékeré lẹ Esc tèmi, kí ọwọ́ mi má baà wá a.