Àgbéyẹ̀wò Funchal (Madeira) fún ẹni tó bá ọkọ̀ ojú omi dé: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń fi ṣíbí fún yín ní èso tọ́ wò

Yúró 47. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Yúró 47 ni ọkùnrin kan fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá mi fún ọ̀rá èso kékeré kan. Ìyá mi o, tí wọ́n ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Bódìjà títí tá a fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sinmi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Èmi, ìyàwó mi àti Màámi la wọ ọkọ̀ ní Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Funchal, olú ìlú erékùṣù Madeira tó wà lábẹ́ Pọtogí, lọkọ̀ sì kọ́kọ́ dúró. Ìsọ̀ tí mò ń sọ yìí kò sí nínú ọjà ńlá wọn o, kí ẹnikẹ́ni má lọ ba ọjà ọlọ́jà lórúkọ jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan báyìí ni lójú títì. Wọ́n to èso síta, ó ń dán. Maracujá ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní passion fruit, oríṣiríṣi ẹ̀, wọ́n á ní èyí ń ta sánsán bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, wọ́n á ní tọ̀hún jọ tòmátò, òmíràn jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin náà jáde sí wa tẹ̀rín tẹ̀rín, ó pariwo "Mama Africa!" Ìyàwó mi ti wò mí. Èmi náà ti wò ó.

Ó gé èso kan sí méjì, ó fi ṣíbí kékeré bù ú, ó ní kí Màámi la àtẹ́lẹwọ́, ó kán an sí i. Wọ́n tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó tún kán òmíràn sí i, ìyẹn tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màámi wá lá ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń rò nǹkan, wọ́n kọjú sí mi: "Àkàndé, ṣúgà ni wọ́n bù sí eléyìí." Mo ní Màámi, bóyá bí tiwọn ṣe ń dùn nìyẹn. Wọ́n ní, "Èso wo lo rí tí ọgbọọgba adùn ẹ̀ dọ́gba báyìí, lọ́tùn-ún lósì?"

Ká tó sọ̀rọ̀ tán, ọ̀gbẹ́ni ti fa ọ̀rá yọ, ó ń kó o sínú ẹ̀, mẹ́ta níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún, bí mo bá ní ó ti tó, á ní ọ̀kan sí i, ti Mama ni. Páálí tó wà lórí èso kọ 3.90 gàdàgbà, ta ni kò ní rò pé iye kílò kan nìyẹn? Nísàlẹ̀ páálí náà, lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, wọ́n kọ 100 g. Gíráàmù ọgọ́rùn-ún! Ẹ ṣírò ẹ̀, kílò kan ti di Yúró 39. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó yára tẹ POS, ó nà án sí mi, àtàǹpàkò ẹ̀ sì bo ibi tí iye owó wà.

Màámi ló gba POS yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n wọ jígí wọn. Wọ́n ní, "Mẹ́tàdínláàádọ́ta kí ni? Ṣé náírà ni?" Mo ní Yúró ni, Màámi. Wọ́n ṣírò ẹ̀ sí náírà lọ́kàn wọn (ìyá mi kì í lo kakulétọ̀), wọ́n wá dákẹ́. Ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ ọlọ́jà mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Wọ́n gbé báàgì wọn fún ìyàwó mi. Wọ́n tún ìró ró. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èso yẹn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dá a padà sórí àtẹ, tìyẹn síbi tìyẹn, kò sí èyí tí wọ́n ṣì gbé. Ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun ti wọ̀n ọ́n, òun ti tẹ̀ ẹ́ sí mọ́ṣíìnì. Màámi fi Yorùbá dá a lóhùn, "Tó o bá ti wọ̀n ọ́n, tún un wọ̀n." Ó ní òun máa pe ọlọ́pàá. Mo ní kó pè é. Àwọn tá a jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ń kọjá, wọ́n ń wò wá bí wọ́n ṣe máa ń wo aláwọ̀ dúdú tó bá gbóhùn sókè, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló gbà wá. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà o, wọ́n kàn fọwọ́ pe ìyàwó mi, wọ́n sọ ọ́ sí i létí: "Livro de reclamações." Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó wúlò ju máàpù lọ. Ìwé ẹ̀sùn ni. Nílùú Pọtogí, láti 2005 ni òfin ti wà pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì, ibikíbi táráàlú ń wọ̀ ra nǹkan, gbọ́dọ̀ ní ìwé yìí, tí oníbàárà bá sì béèrè ẹ̀, dandan ni kí wọ́n gbé e fún un kó kọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ohun tó bá kọ síbẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń mójú tó irú òwò bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ láti gbé e jáde, ẹ lè pe ọlọ́pàá sí wọn. Kì í ṣe eré rárá lọ́hùn-ún.

Ìyàwó mi lọ bá ọ̀gbẹ́ni, ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn jákujàku bó ṣe gbọ́ ọ. Ojú ọkùnrin yìí yí padà. Ariwo dá. Ó pa iye tó wà lórí POS rẹ́, ó ní "no problem, no problem." Èmi ti fẹ́ fà wọ́n kúrò níbẹ̀, Màámi ní rárá, a ti tọ́ ọjà wò, èèyàn kì í tọ́ ọjà wò kó máa lọ báyẹn. Wọ́n mú èso méjì, wọ́n ní kó wọ̀n ọ́n lójú àwọn, wọ́n san owó ẹyọ. Wọ́n wá dúró síbẹ̀, wọ́n la ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n ní, "Èènì mi dà?"

Èmi ò lè túmọ̀ ẹ̀ fún un, ẹ̀rín ti ń pa mí. Ọkùnrin náà wo ọ̀rá, ó wo Màámi, ó mú ọ̀kan, ó jù ú sí i. Màámi ní ó ṣé. Nígbà tá a padà sínú ọkọ̀ tá a gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kan gógó, kò sí ìkankan tó dùn nínú wọn. Màámi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wò mí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìlú fúnra ẹ̀, torí ẹ lè rò pé gbogbo ẹ̀ ni ìjà.

Àkọ́kọ́, físà. Abẹ́ Pọtogí ni Madeira wà, tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ fi ń rìn, físà Schengen (èyí tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù) lẹ nílò, kí ti Britain yín sì jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lè fi wọlé padà. Ní Southampton gan-an ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ti Màámi, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n pe ọ̀gá, ọ̀gá náà ṣí i, títí tí ìlà tó wà lẹ́yìn wa fi di ti ìbínú. Gbogbo ẹ̀ pé pérépéré.

Ìkejì, ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò nínú ọkọ̀ wa (mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́) sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé ìlú jìnnà síbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, pé Màámi ò ní lè rìn ín, pé ká ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì wọn. Irọ́ ni. Pontinha ni wọ́n ń pe ibẹ̀, etí òkun lẹ máa gbà tààrà, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ilẹ̀ tẹ́jú. Màámi rìn ín tán, wọ́n tún dúró ya fọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ inú ọkọ̀ ń sáré lọ síbi ère Ronaldo, torí ìlú yẹn ni wọ́n bí i sí, pápákọ̀ òfúrufú wọn gan-an orúkọ ẹ̀ ló ń jẹ́.

A wọ kébùkáà lọ sí Monte, ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lórí okùn irin, láti 2000 ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó máa wo òrùlé pupa àwọn ilé, ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín ilé, ẹ̀yìnkùlé olóhun pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n sá. Màámi dijú. Lókè lọ́hùn-ún, ọgbà Monte Palace tóbi, omi ń ṣàn, ẹja aláwọ̀ àrà ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì kó ère òkúta àwọn ará Zimbabwe pọ̀ síbẹ̀, ó wú mi lórí. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀ ju bá a ṣe fara balẹ̀ lọ. Ìgbà tá a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ la gun apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i lórí fóònù mọ̀ ọ́n: àwọn ọkùnrin méjì, aṣọ funfun, fìlà koríko, wọ́n á gbé yín sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní igi lábẹ́, wọ́n á tì í, yóò máa yọ̀ lọ lórí títì tí mọ́tò ń gbà. Láti nǹkan bí 1850 ni wọ́n ti ń ṣe é. Bàtà tí wọ́n wọ̀ ni búrẹ́ẹ̀kì wọn. Màámi ń pe Jésù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń gbè é pé "Jesus! Jesus!", a ò mọ̀ bóyá ó ń gbàdúrà ni àbí ó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Ohun kan ni wọn kì í sọ: kì í gbé yín dé ìlú. Livramento ló parí sí, ìlú ṣì wà nísàlẹ̀, àwọn onítakisí ti tò síbẹ̀ dè yín. Ẹ bá wọn dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó wọlé.

Lẹ́yìn ìjà èso yẹn, ó ti sú mi. Mo fẹ́ padà sínú ọkọ̀, mo ti ń ka ohun tí mo máa kọ nípa ìlú yìí lọ́kàn, òdo nínú márùn-ún. A gba Avenida Arriaga. Igi jakaránda ló wà lójú títì yẹn, oṣù kẹrin sí karùn-ún ni wọ́n máa ń tanná, a ti pẹ́ jù fún ti ọdún yìí. Díẹ̀ sí i, Màámi dúró láàárín ọ̀nà. Wọ́n gbójú sókè. Mo rò pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

"Òrúrù rèé."

Òrúrù ni lóòótọ́. Igi ńlá, òdòdó ẹ̀ pupa foo lókè, òrúrù tó wẹ̀wù ẹ̀jẹ̀ báwọn àgbà ṣe ń sọ, lẹ́bàá títì Pọtogí, táwọn arìnrìn-àjò ń yà ní fọ́tò. Nílé, ta ló ń yà á ní fọ́tò? Bàbá kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ìjọba ìlú lọ́rùn. Màámi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa ìrudi òdòdó kan tó já bọ́, èyí tí kò tíì ṣí, wọ́n fi ìka tẹ orí ẹ̀, omi inú ẹ̀ tú ṣààà sí mi láṣọ. Bàbá tó ń gbálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, òun náà ṣa tiẹ̀, ó tú u sára ògiri, ó fọwọ́ júwe bí òun ṣe kéré tó nígbà tóun máa ń ṣe é. Màámi ń sọ tiwọn ní Yorùbá, bàbá ń sọ tiẹ̀ ní Pọtogí, wọn ò gbọ́ ara wọn, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Èmi àtìyàwó mi lọ jókòó.

Bàbá yẹn ló mú wa wọ ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Jardim Municipal, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ ni ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn São Francisco wà tẹ́lẹ̀. Ó lọ tààrà síbi igi kan, ó ṣe bíi pé ẹ̀bùn ló fẹ́ fún wọn. Pàǹdòrò! Ó so rọlẹ̀ gbọọrọ, ńláńlá. Wọ́n kọ Kigelia africana sí i lára. Màámi gbọ́wọ́ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí ìyá tiwọn máa ń fi igi yẹn ṣe, bàbá ń gbọ́, ó ń mi orí.

Àwọn igi wọ̀nyí, ọkọ̀ ló gbé wọn débẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láti Áfíríkà àti Brazil ń dúró ní Madeira fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ilẹ̀ ẹ̀ dáa, omi orí òkè ń gba gọ́tà tí wọ́n ń pè ní levada wá sí ìhà gúúsù, ohun tí wọ́n bá gbìn á hù. Kì í ṣe igi nìkan ni wọ́n kó wá o, wọ́n kó ẹrú láti Áfíríkà wá sí oko ìrèké ibẹ̀, ká tó gbọ́ pé Brazil wà rárá. Mi ò rí i kọ síbì kankan tá a rìn dé lọ́jọ́ yẹn.

Oúnjẹ: bolo do caco dáa, búrẹ́dì tí wọ́n fi ànàmọ́ sí, wọ́n á fi bọ́tà aláàyù sí i lára. Ẹja espada pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mi ò lóye ẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán ṣá.

Máàkì: márùn-ún nínú márùn-ún. Ìyàwó mi ka ohun tí mo kọ, ó ní ṣebí ẹ̀sùn ni mo jókòó kọ láti òkè, níbo ni márùn-ún ti wá. Màámi ní kí n kọ méjì, pé oúnjẹ wọn ò láta, bẹ́ẹ̀ ata gbígbẹ ni wọ́n so rọ̀ káàkiri inú ọjà wọn.