Ilé fọ́tò àtijọ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún

Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé ní Ìlá, ilé fọ́tò dúdú-àti-funfun ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi. Nínú yàrá òkùnkùn wọn, gílóòbù pupa nìkan ló ń tàn. Pépà á kọ́kọ́ funfun báláú nínú abọ́ oògùn, lẹ́yìn náà irun àti ẹyinjú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀.

Fọ́tò ìbejì ni wọ́n ti pegedé jù. Bí ọ̀kan bá ti lọ, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á fi páálí bo ìdajì pépà, wọ́n á tẹ àwòrán náà sí apá kan, kí wọ́n tó tún un tẹ̀ sí ìkejì. Ọmọ méjì á sì jókòó pọ̀! Tí páálí bá yẹ̀ díẹ̀ tí iná fi kan ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìlà dúdú á là á láàárín. Bí ìbejì bá jẹ́ takọtabo, ọmọ kan náà á wọ aṣọ ọkùnrin, á tún wọ ti obìnrin.

Àléébù wọn ò ju ìkánjú lọ: oògùn tí omi ò fọ̀ kúrò tán máa ń mú kí fọ́tò pọ́n bí ewé gbígbẹ. Èyí tí wọ́n fọ̀ dáadáa ṣì mọ́ gaara.