Wọ́n fi róbọ́ọ̀tì da Vinci yọ próstéètì mi: àgbéyẹ̀wò fún ọkùnrin tó ń rò ó wò

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé róbọ́ọ̀tì náà ló dá gé yín?" Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyẹn látìgbà tí mo ti ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní London. Rárá o. Ẹ̀rọ da Vinci kì í dá ohunkóhun ṣe. Dókítà ló ń darí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Inú yàrá kan náà tí mo sùn sí ló jókòó sí, ó gbójú lé ibi tó ti ń wo inú ikùn mi, ó sì ki ìka bọ ohun tó fi ń darí apá ẹ̀rọ náà. Bó bá gbé ojú kúrò níbẹ̀, gbogbo apá wọ̀nyẹn á dúró gbagidi. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n máa fa òun lé irin lọ́wọ́, kó fọkàn balẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń fara balẹ̀ kọ ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ wa ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọkùnrin 8, ọ̀kan ni jẹjẹrẹ próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, máa ń mú láyé rẹ̀. Láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú 4 ni. Ẹ ka iye ọkùnrin tó jókòó nídìí tábìlì yín níbi àríyá tẹ́ ẹ lọ kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá ṣírò rẹ̀. Síbẹ̀ a kì í sọ ọ́ síta, torí ibi tí àrùn náà wà.

Tèmi, PSA mi, ìyẹn èròjà tí próstéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, lọ sókè nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ya àwòrán MRI, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, Gleason 3+4 (òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó), kò sì tíì jáde kúrò nínú próstéètì. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n fi ìtànṣán jó o, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù tì yín sáré mú ọ̀kan. Ìwádìí ProtecT tí wọ́n ṣe níbí tẹ̀ lé ọkùnrin tó lé ní 1,600 fún nǹkan bí ọdún 15. Nǹkan bí 97 nínú 100 ni jẹjẹrẹ náà kò pa, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà. Òótọ́ ni pé òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, nítorí náà mi ò lè gbé èsì yẹn ka orí tiwa pátápátá. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ torí mo mọ ara mi: mi ò ní sùn dáadáa tó bá ṣì wà nínú mi.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ Intuitive Surgical ní California ló ń ṣe é, ọdún 2000 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ó ní apá mẹ́rin: ọ̀kan di kámẹ́rà mú, ìyókù di irinṣẹ́. Ihò kéékèèké ni wọ́n ń gbà wọlé, mẹ́fà ni wọ́n dá sí ikùn tèmi, wọ́n sì fẹ ọ̀kan nítòsí ìdodo díẹ̀ láti gba ibẹ̀ mú próstéètì náà jáde. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí. Próstéètì wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, lẹ́yìn egungun, níbi tó há gádígádí. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn iṣan tíntìntín tó ń jẹ́ kí nǹkan ọkùnrin dìde sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́ tán, wọ́n gbọ́dọ̀ fi okùn rán àpò ìtọ̀ mọ́ ojú ọ̀nà ìtọ̀ padà. Bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹlẹ́nu tóóró ni. Nínú irú ibẹ̀, ẹ̀rọ yìí ń fi àwòrán 3D, tó ń jẹ́ kó mọ ohun tó jìn àti ohun tó sún mọ́, tó tóbi tó nǹkan bí ìlọ́po 10, han dókítà. Ẹnu irinṣẹ́ rẹ̀ ń yí bí ọrùn ọwọ́, kódà ó ń yí kọjá ibi tí ọwọ́ èèyàn lè yí dé. Bí ọwọ́ dókítà bá sì gbọ̀n díẹ̀, ẹ̀rọ ò ní jẹ́ kí gbígbọ̀n yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹran. Ohun tí irú èyí tí wọ́n lò fún mi kò ní ni pé dókítà ò lè fi ọwọ́ mọ̀ bóyá nǹkan le tàbí ó rọ̀. Ojú nìkan ló fi ń mọ̀ ọ́n. Da Vinci 5 tó jáde lọ́dún 2024 ti ń gbé díẹ̀ nínú ìmọ̀lára yẹn dé ọwọ́ dókítà.

Nígbà tí mo jí, ojú mi wú, torí wọ́n dorí mi kodò lórí bẹ́ẹ̀dì fún wákàtí bíi mélòó kan. Egbò ikùn ò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Èjìká ló ń ro mí! Gáàsì tí wọ́n fẹ́ sí ikùn kí àyè lè wà ló ń yọ awọ tó pààlà ikùn àti àyà lẹ́nu, èjìká ló sì ń ti ibẹ̀ dùn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ṣáájú. Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú kan ló wá bá mi: "Dádì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká dìde rìn díẹ̀, ara á fúyẹ́." Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ kejì, mo ti wà nílé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n là ikùn rẹ̀ fún àìsàn yìí kan náà láyé àtijọ́ pẹ́ nílé ìwòsàn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ kankan sí èmi.

Ibẹ̀ ni oore róbọ́ọ̀tì parí sí lójú tèmi. Rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi sí mi lára, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rọ bo ìnira rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń ta, ó ń fà, báàgì sì wà létí ẹsẹ̀ (ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ gbà mí, mo wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀). Ìyàwó mi ló ń fún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọjọ́ 28 ni wọ́n kọ ọ́ fún. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà, ìtọ̀ ń jò. Mo bá dìde lórí àga, ó jò. Mo sín, ó jò. Oṣù bíi mélòó kan ni mo fi lo páàdì kó tó di ohun tí mi ò rò mọ́. Ní ti ìbálòpọ̀, wọ́n dá iṣan apá kan sí, wọn ò lè dá ìkejì sí torí àrùn ti sún mọ́ ọn. Ó ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú oògùn àti sùúrù èmi àti ìyàwó mi. Omi àtọ̀ ò sì ní jáde mọ́ láéláé. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n lè bá a tọ́jú àtọ̀ pa mọ́.

Ìwé pélébé tí wọ́n fún mi ní àwòrán ẹ̀rọ náà gàdàgbà níwájú, ọ̀rọ̀ páàdì ò ju ìlà méjì lọ nínú rẹ̀. Èyí bí mi nínú gan-an. Ní Brisbane ní Australia, wọ́n fi ọkùnrin 326 ṣe ìwádìí tó jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 2016: wọ́n fi róbọ́ọ̀tì ṣe fún apá kan, wọ́n fi ọwọ́ la apá kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàrin wọn ní ti ìtọ̀ àti ní ti nǹkan ọkùnrin. Àwọn ti róbọ́ọ̀tì ò pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì tètè délé, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún ẹ̀rọ yìí nítorí náà. Dókítà mi, 5 ni, torí nígbà tí mo bi í pé mélòó ló ti ṣe, mélòó ló ń ṣe lọ́dún, àti pé nínú àwọn tó ṣe fún, mélòó ni kò lo páàdì mọ́ lẹ́yìn ọdún kan, ó dá mi lóhùn láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ìbéèrè wọ̀nyẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, tí dókítà tó gbówọ́ nínú iṣẹ́ abẹ onílílà bá wà nítòsí yín, ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí róbọ́ọ̀tì.

PSA tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn náà ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ò rí i mọ́. Wọ́n á ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ fún, ẹ ra páàdì ọkùnrin sílé báyìí, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti ń jò. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń sún ẹran ìsàlẹ̀ abẹ́ kì, bí ìgbà téèyàn fẹ́ dá ìtọ̀ dúró lágbede méjì, kẹ́ ẹ sì ti máa ṣe é lójoojúmọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, torí ó máa ń ṣòro láti mọ ibi tí ẹran yẹn wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé nítòsí rẹ̀.