Wébílì ehoro láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Èkó: máàkì tá a fún ọlọ́kọ̀ tó gbé wọn rèé

Àpò gaàrí kan ló bí àgbéyẹ̀wò yìí. Ní Òwódé, l'Ọ̀yọ́, ni ọmọ ọkọ̀ ti gbà á, ó sì gbé e ka orí àpótí ehoro wa méjì, akọ kan àti abo kan, nínú búùtù, níbi tí ihò afẹ́fẹ́ pọ̀ sí jù. Bọ́ọ̀sì dúró nínú oòrùn, wọ́n ń wá èrò méjì tó kù. Nígbà tá a pariwo, ọmọ ọkọ̀ yọjú wo inú àpótí, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, ẹ̀gbọ́n, wọ́n ṣì ń mí." Òótọ́ ló sọ. Ẹnu ni wọ́n fi ń mí.

Ẹni tó bá ń sin ehoro ti mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ń lọ. Imú ni ehoro fi ń mí. Bó bá ti gbórí sókè tó la ẹnu, tí irun àgbọ̀n rẹ̀ rin fún itọ́, ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nìyẹn. Kì í làágùn bíi tiwa; etí gbọọrọ yẹn ló fi ń tú ooru ara dànù, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí i. Ara ehoro tó dá ṣáṣá máa ń gbóná tó 38.5 sí 40 °C. Bí ooru tó yí i ká bá ti kọjá 30 °C, wàhálà dé. Búùtù bọ́ọ̀sì tó ń yáàrùn ńkọ́? Sàlẹ́ńsà tún ń yan án láti ìsàlẹ̀.

Ọmọ ọkọ̀ sáré lọ ra píọ̀wọ́tà dídì méjì, ó fẹ́ dà á lé wọn lórí. Inú rere ni, àmọ́ ìyẹn náà léwu: omi yìnyín máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú etí sún kì, ooru á wá há sínú ara. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi rin aṣọ, kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ fi nu etí, tẹ̀yìn tiwájú, lábẹ́ ibòji. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, kó má lọ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Píọ̀wọ́tà dídì náà ò ṣòfò: a fi aṣọ ìnura wé e, a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ogún ìṣẹ́jú gbáko kí akọ tó pa ẹnu dé.

Ibi tí inú wa ti rọ̀ nìyí. Dẹ́rẹ́bà, bàbá kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, pa ẹ́ńjìnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé gaàrí kúrò, ó gbé àpótí wá sẹ́yìn ìjókòó ìkẹyìn, lẹ́bàá fèrèsé. Ìyá tó ni gaàrí fárígá pé wọn ò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, gaàrí ò ní kú." Láti Ìlọrà títí dé Ọ̀jọ́ọ̀, gbogbo ibi tí ọlọ́pàá ti dá ọkọ̀ dúró ló ti ń yíjú padà: "Wọ́n ti panu dé?" A ò bẹ̀ ẹ́ o.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ́fíìsì ọlọ́kọ̀ náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbéèrè tó yẹ gan-an ni obìnrin tó ń gba wébílì bi wá: ṣé abo ò lóyún, ṣé wọ́n ti jẹun, ṣé akọ ò sí lọ́dọ̀ abo? Nǹkan bí ọjọ́ 31 ni oyún ehoro, èyí tó bá sì ti wọ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Ti oúnjẹ náà ṣe kókó, torí ehoro kì í bì, kò sídìí láti febi pa á. Bí kò bá jẹun fún wákàtí 12, ìfun rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin yìí mọ gbogbo ẹ̀. Ó fi máákà kọ ẸRAN ÀÀYÈ gàdàgbà sára àpótí, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n sì dojú ẹ̀ kọ ara búùtù ló kọ ọ́ sí. Owó ìjókòó èrò kan ló gbà. Ká wá wo rìsíìtì: "páálí bàtà, 1." A ní ehoro ni. Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Kọ̀ǹpútà ni ò mọ ehoro." Bí wọ́n bá kú sọ́nà, owó bàtà nìyẹn. Aago mẹ́fà àárọ̀ tí wọ́n ní à ń gbéra di 7:50, bẹ́ẹ̀ òtútù ìdájí yẹn gan-an la torí ẹ̀ yan ọkọ̀ wọn.

Àpótí náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Pákó ni, gígùn ínṣì 26, fífẹ̀ 16, gíga 15, pákó kan dá a sí méjì láàárín. Nẹ́ẹ̀tì onírin oníhò ààbọ̀ ínṣì wà lápá òkè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti lórí ìdérí. A kan igi tó nípọn ní ínṣì méjì sí ìta ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹrù má bàa dí nẹ́ẹ̀tì. A ò kan ìkankan sórí ìdérí. Ibẹ̀ ni gaàrí gbà wọlé. Igi méjì, ìṣó mẹ́fà péré. Ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ pákó, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì, torí bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò ọ̀nà Ọ̀yọ́, èékánná á há, á ya. Èérún pákó ínṣì kan, koríko gbígbẹ lórí ẹ̀. A ò gbé abọ́ omi sí i, kòtò àkọ́kọ́ ni yóò dà á sí wọn lára. Ewé ọ̀dùnkún àti yúnyún tútù ló rọ́pò omi, ohun tí wọ́n ti ń jẹ látẹ̀yìnwá. Oúnjẹ àjèjì lọ́jọ́ ìrìn-àjò, ìgbẹ́ gbuuru ni. Irú Chinchilla ni akọ, wọ́n fi ẹranko kékeré orí òkè Andes sọ ọ́ torí irun rẹ̀. Irun yẹn ki púpọ̀. Òun ni ooru kọ́kọ́ mú, kó tó kan abo New Zealand White.

Aago mẹ́ta kọjá ká tó dé Berger. Ọmọ ọkọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí sọ̀kalẹ̀, kò dà á délẹ̀, ó wá gba owó píọ̀wọ́tà méjì rẹ̀. Abo jẹun lójú ẹsẹ̀. Akọ ò fẹnu kan nǹkan títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ya ìgbẹ́ róbótó-róbótó, ìyẹn la ń wò.

Máàkì: 4 nínú 5. Páálí bàtà ló jẹ ọ̀kan.