Ẹ ṣọ́ra fún Land Cruiser àtijọ́ tí wọ́n ní "a ti tún un ṣe tán" lápá Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará Kétu, ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń wá Land Cruiser àtijọ́ rà lásìkò yìí kó ka èyí tán kó tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà lápá Àjàṣẹ́ tó ń ta jíìpù tó ti gbó, á kùn ún dáadáa, á ní òun ti tún un ṣe tán, kéèyàn kàn wọlé kó máa wà á lọ ló kù. Mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ síbí torí ọ̀rọ̀ wa ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, àmọ́ ọgbọ́n tó ń ta ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, òun nìkan kọ́ ló ń ta á.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá HJ60, irú Land Cruiser àtijọ́ kan. Láti 1980 sí 1990 ni Toyota fi ṣe ìran jíìpù yẹn, ẹ́ńjìnnì 2H inú ẹ̀, gaasóìlì ló ń mu, sìlíńdà 6, lítà 4, kò ní túúbò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì, kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó máa dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹ láàárín igbó. Mo fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tó bá di ìsinmi kí n kó ìyàwó àtàwọn ọmọ, ká lọ pàgọ́ lẹ́sẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí létí odò Ọ̀kpárá ká sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bí mo ṣe rí fọ́tò ẹ̀ lórí WhatsApp báyìí, aláwọ̀ búlúù, táyà tuntun, àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ọkàn mi ti lọ. Ó pè é ní 3,500,000 sẹ́fà, mo fi 500,000 ránṣẹ́ lórí MoMo kó má bàa tà á fún ẹlòmíì.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti gbóná. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ti ibi ìfọmọ́tò dé ni. Mo gbà á gbọ́, mo rà á, mo gbé e wálé. Irọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì ní Kétu, kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èéfín bo gbogbo àgbàlá. Ẹ máa sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù, tó bá sì ti gbóná kẹ́ ẹ tó dé, ẹ padà sílé.

Àmọ́ èyí tó burú jù, abẹ́ ló wà. Bàbá mẹkáníìkì mi, tí gáráàjì ẹ̀ kò jìnnà sí Akaba Ìdènà ní Kétu, wọ abẹ́ mọ́tò lọ, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá pè mí. "Ọmọ mi, ọwọ́ ta lo ti ra mọ́tò yìí?" Mo ní, "Bàbá, ṣé ó burú ni?" Wọ́n ní kí n wọlé wá fojú ara mi rí i. Wọ́n mú sikurudiráfà, wọ́n fi ti ṣáàsí lókè táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ó wọlé títí dé ìdí ọwọ́ ẹ̀. Irin tó yẹ kó gbé gbogbo mọ́tò! Wọ́n ha ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún kúrò, mástíìkì, àtè tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò, ló wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ha mástíìkì, bébà ìwé ìròyìn ni wọ́n ká tí wọ́n kì bọnú ihò, mo ṣì lè ka ọ̀rọ̀ Faransé tó wà lára ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni sípíríìngì ẹ̀yìn ti di ṣáàsí mú, torí sípíríìngì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni HJ60 ń lò níwájú àti lẹ́yìn, tí ibẹ̀ bá já lórí eré, sípíríìngì lè gún ilẹ̀ mọ́tò wọlé. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta ló jókòó sórí ibẹ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Kétu. Àyà mi já, mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Èyí tó bá ti Yúróòpù wá, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ń jẹ irin abẹ́ ẹ̀, inú ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá síta, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í rí i. Ẹ mú òòfà kékeré dání, ẹ fi aṣọ wé e kó má baà ha ọ̀dà, ẹ máa fi kan ara mọ́tò káàkiri, ibi tí kò bá ti fà, mástíìkì ni. Ẹ mú òòlù, ẹ máa fi gbá ṣáàsí díẹ̀díẹ̀, irin tó dáa máa ń dún gbangba, èyí tó ti jẹrà á dún bọ́bọ́. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kẹ́ ẹ má wọ abẹ́ ẹ̀ torí ọ̀dà ò tíì gbẹ, ẹ̀rí tẹ́ ẹ ń wá nìyẹn.

Táyà iwájú náà ńkọ́. Nǹkan róbótó kan wà láàárín ẹ̀ tí wọ́n kọ FREE àti LOCK sí, ẹ ó yí méjèèjì sí LOCK kẹ́ ẹ tó fa ọ̀pá jíà kékeré sí H4, ìyẹn ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti máa ń yí. Mo ṣe gbogbo ẹ̀ nínú potopoto lápá igbó Dogo, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Bàbá tú u, inú ẹ̀ ṣófo, wọ́n ti yọ jíà inú ẹ̀ lọ, ìdérí lásán ni wọ́n fi bò ó. Ẹ dán an wò nínú iyanrìn kẹ́ ẹ tó sanwó, má gbà kí wọ́n fi títì ọlọ́dà nìkan dán an wò fún ẹ.

Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò àlòkù lẹ rà, ẹ sì ti fọwọ́ síwèé." Ìwé yẹn, ó kọ "vendu en l'état" sísàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ni pé bó ṣe wà ni mo ṣe rà á, mo fọwọ́ sí i láìbéèrè. Ẹ̀yìn ìyẹn kò gbé fóònù mi mọ́. Mo ti ya fọ́tò gbogbo ihò wọ̀nyẹn àti bébà inú ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síta, mo kó o fún ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹ̀rí owó MoMo.

Lọ́jọ́ Sunday mo tún rí ọkùnrin yẹn tó gbé òmíì jáde, aláwọ̀ ewé, ọ̀dà dúdú tuntun ń dán lábẹ́ ẹ̀ bákan náà, ó ní ẹnì kan ti san owó ìdúró. Tó bá jẹ́ ìwọ nìyẹn, tàbí ẹni tó o mọ̀, kọ sí mi lónìí kó o tó san èyí tó kù, màá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ, Bàbá náà sì ti ní àwọn á bá ẹ lọ wo abẹ́ ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.